Ìlà Pupa Tí Mo Fà Lórí Ẹni Tó Dá Ìjọ Wa Sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ kú, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, lórí àga tí ẹ máa ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ẹnikẹ́ni ò kéde rẹ̀ nínú ìjọ tí ẹ dá sílẹ̀. Wọ́n kéde pé ẹnì kan gbàgbé agbòjò sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n kéde pé kí àwọn akọrin tètè máa dé. Wọ́n kí obìnrin kan kú ewu ọmọ. Nígbà tí wọ́n kà á tán tí mi ò gbọ́ orúkọ yín, inú bí mi gidigidi, bí ẹni pé kì í ṣe èmi gan-an ni mo tẹ ìwé ìkéde náà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ojú ìwé kẹta ìwé ìròyìn ìjọ wa yìí, èmi ni mo ń kọ ọ́ láti ọdún mọ́kànlá. Níbẹ̀ ni mo ti bá àwọn ará wí nítorí bàtà ẹlẹ́rẹ̀, nítorí àwọn tó ń sùn nígbà ìwàásù, àti nítorí àwọn tó máa ń lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ẹ máa ń kà á, ẹ ó sì bi mí pé, “Akọ̀wé, ta ló ṣẹ̀ ọ́ lóṣù yìí?” Ẹ̀gbọ́n mi, lóṣù yìí, èmi ni. Ó rọrùn fún mi díẹ̀, torí mo mọ ilé ẹni náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn tó ń ka ìwé yìí tí wọn ò mọ̀, àti nítorí àwọn tó mọ̀ tí wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Lọ́dún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì kankan ládùúgbò wa. Èyí tó sún mọ́ wa jù wà ní òdìkejì afárá, béèyàn bá sì fi máa fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, orin ìkẹyìn ló máa bá. Ọdún náà ni ìyàwó Bíríkìlà kú. Bíríkìlà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ mọ̀ ọ́n. Ó di aṣọ ìyàwó rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ yín, ó ní kí ẹ bá òun fi rán nǹkan.

Ẹ ní, “Kí ni kí n fi rán?”

Ó ní, “Nǹkankíǹkan. Mi ò ṣáà lè máa wò ó bẹ́ẹ̀.”

Ẹ gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ní kó jókòó. Ó jókòó síbẹ̀ títí ẹ fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Ẹ wá bi í bóyá ẹnikẹ́ni ti wá bá a gbàdúrà. Ó ní ta ni yóò wá. Ẹ ní, “Ó dáa. Máa bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí kò bá tiẹ̀ sí ẹlòmíì, èmi àti àbúrò mi wà.” Ẹ ò bi àbúrò yín. Àbúrò yín ti ní ètò tirẹ̀ fún ọjọ́ Ìsinmi: ó fẹ́ sùn.

Bí ìjọ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ọkùnrin kan tó ń ṣọ̀fọ̀, obìnrin kan tó ń ránṣọ, àti ọ̀lẹ kan tí wọ́n fà létí wá. Mo ti gbìyànjú láti wá orúkọ tó dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni kẹta, mi ò rí i.

Tábìlì tí ẹ fi ń lọ aṣọ ni pẹpẹ wa. Aṣọ àwọn oníbàárà so rọ̀ yí wa ká bí ọmọ ìjọ tí kò lórí. Abẹ́rẹ́ pọ̀ nílẹ̀ débi pé ẹni tó bá kúnlẹ̀ láìwo ilẹ̀, abẹ́rẹ́ á bá a ṣe àmín. Ẹ wá so òòfà mọ́ okùn kan, ẹ ó sì máa fà á kiri yàrá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta gbogbo, bí ẹni tó ń mú ajá rìn, kó lè ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Mo fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Kò sí orúnkún ẹnì kankan tí abẹ́rẹ́ gún láti ọjọ́ náà, tèmi náà wà níbẹ̀.

Báwo la ṣe pọ̀ sí i? Àwọn kan gbà pé ìwàásù ni. Àwọn akọrin gbà pé orin ni. Mo wà níbẹ̀, tìmùtìmù ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ ó fi àjákù aṣọ rán tìmùtìmù ìjókòó fún un. Kò sí méjì tó jọra. Tèmi burú ju gbogbo wọn lọ, ó ní ìlà aláwọ̀ ewé àti òdòdó òyìnbó kan tó tóbi bí àwo. Ẹ ní ó bá ìwà mi mu. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ojú yín á rìn lórí àwọn tìmùtìmù náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ó ti mọ ẹni tí kò wá. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó ti lọ kan ilẹ̀kùn onítọ̀hún, tòun ti téèpù lọ́rùn. Ẹ ò ní wàásù fún un. Ẹ ó kàn ní, “Àga ẹ ń bi mí léèrè ẹ.”

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan sá fún yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Lọ́jọ́ tí ẹ bá a nílé, ó sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èmi ni mo tẹ̀ lé yín lọ, mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi.

“Mo rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ lábẹ́ ilẹ̀kùn.”

Ọmọ ìka náà sá wọlé.

“Mi ò wá bínú. Ṣé ara le?”

Ilẹ̀kùn ní, “Ara le, mà.”

“Ṣé ilé dáa?”

Ilẹ̀kùn ní, “Wọ́n ti gba bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi, mà. Ojú ló ń tì mí.”

Ẹ jókòó sílẹ̀ níta níbẹ̀, ẹ fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà, ẹ sì bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi ṣí i. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó dé, ó mú ìyàwó rẹ̀ àti àwọn àbúrò ìyàwó mẹ́ta dání. Bí a ṣe di mọ́kànlá nìyẹn, tí a di ogún, tí a di ogójì, tí ẹ fi gbé ẹ̀rọ ìránṣọ jáde síta lọ́jọ́ Ìsinmi kí àyè lè gba èèyàn. Ilẹ̀kùn tí ẹ kàn ló kọ́ ìjọ yìí. Wọn ò fi èyí sínú ìwé ìtàn ìjọ tí a tẹ̀ nígbà tí a pé ọgbọ̀n ọdún. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé, “Ìjọ yìí bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá kan.” Yàrá kan. Ta ló kọ ọ́? Akọ̀wé ni. Mo ní kí n má baà gbé ará ilé mi ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣé yàrá máa ń dá ìjọ sílẹ̀ ni? Ṣé yàrá ló fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn awakọ̀?

Nígbà tí a pé ogójì ni mo gbé ọgbọ́n mi dé. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ omi ẹ̀rọ sílé wọn, mo sì gbà pé kò sí ohun tí ìwé onílà kò lè tún ṣe láyé. Mo ra ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle, mo fi rúlà ya ojú rẹ̀: orúkọ níbí, ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan níbí, àmì kan fún ẹni tó wá, òmíràn fún ẹni tí kò wá. Mo ní yóò jẹ́ kí ẹ tètè mọ ilẹ̀kùn tó yẹ kí ẹ kàn. Ní tòótọ́, torí ìyẹn ni mo ṣe rà á. Ẹ ṣí i wò, ẹ ní, “Ó mọ́ tónítóní. Ṣé ó lè kan ilẹ̀kùn?” Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni.

Ẹ̀yin lẹ kọ lẹ́tà sí Pásítọ̀ pé kó wá. Ẹ̀yin lẹ rán ẹ̀wù ìwàásù rẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ sì rán an tóbi díẹ̀, ẹ ní ó ṣì máa dàgbà wọ̀ ọ́. Èèyàn dáadáa ni Pásítọ̀, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo sọ nǹkan mìíràn. Èèyàn dáadáa tó ní ìpàdé púpọ̀ ni. Nígbà tí a kọ́ ilé ìjọsìn sórí òkè, àtẹ̀gùn méjìlélógún ló gùn lọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bíríkìlà tó mọ àtẹ̀gùn náà ló kọ́kọ́ dìde nípàdé pé kí a ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan sí ọwọ́ òsì fún àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ní ìpàdé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Fún ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, ìwàásù gígùn nìyẹn. Mo ti padà lọ wo ohun tí mo kọ sínú ìwé ìpàdé. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo kọ ọ́ pé, “A gbọ́. A ó wò ó.” Ẹni tó bá ka ìwé ìpàdé wa yóò rò pé kò sí ìjọ tó létí tó wa.

Ọdún yẹn náà la ṣe òfin. Alága àwọn alàgbà ní iye tí a ń pe ara wa ti pọ̀ ju iye tí ojú ń rí lọ, kí a wá nǹkan ṣe sí i. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ kọ ọ́. Mo kọ ọ́ pé ẹni tí kò bá wọ inú ilé ìjọsìn fún oṣù mẹ́ta, kí a yọ orúkọ rẹ̀. Mo dìídì fi “wọ inú ilé ìjọsìn” síbẹ̀, torí ọkùnrin kan wà tó máa ń jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ níta, tó ń gbọ́ bọ́ọ̀lù nínú rédíò, tó sì ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ìpàdé pàtẹ́wọ́ fún gbólóhùn náà. Mo tún jókòó, mo tún dìde, kí wọ́n lè rí mi dáadáa.

Lẹ́yìn náà ni orúnkún yín kọṣẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí ẹ ò lè gòkè, ẹ jókòó sórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ gbé báàgì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ṣe é bí ẹni tó jókòó sí ààyè rẹ̀. Mo kọjá, mo gbé ìwé orúkọ lé apá.

“Akọ̀wé, kọ mí síbẹ̀ o. Mo ti dé.”

“Ẹ gòkè wá ná, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Orúnkún ò gbà. Ó ní òun ti dé ibi tí òun ń lọ.”

“Òfin ní inú ilé ìjọsìn ni.”

“Ta ló kọ òfin?”

“Èmi ni.”

“Ó dáa. Wá bá ara ẹ sọ̀rọ̀ tó o bá ráyè.”

Ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo gun àtẹ̀gùn méjìlélógún, mo ṣí ìwé, mo sì fi àmì ẹni tí kò wá síwájú orúkọ yín. Kí ló dé tí mo ṣe bẹ́ẹ̀? Torí ẹ jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ká ní ẹlòmíì ni, bóyá àánú rẹ̀ ì bá ṣe mí. Ṣùgbọ́n mo ní bí mo bá kọ yín, àwọn èèyàn á ní mò ń ṣègbè. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé ọwọ́ mi mọ́. Mo fi ẹsẹ̀ yín fọ ọwọ́ mi.

Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́sàn-án lẹ fi jókòó sórí àtẹ̀gùn yẹn. Ẹ ń fi etí gbọ́ ìwàásù láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó kọjú síta, àwọn ará ń fò yín kọjá, wọ́n ń kí yín, “Ẹ kú ìjókòó, Ìyá Aránṣọ.” Lọ́sẹ̀ kẹwàá, wọ́n yí ẹ̀rọ náà sínú nítorí àwọn ará àdúgbò ń ráhùn ariwo. Láti ọjọ́ náà lẹ ò wá mọ́. Kí lẹ tún fẹ́ wá gbọ́? Ìró bàtà wa?

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, mo mú báírò pupa, mo gbé rúlà lé orúkọ yín, mo fa ìlà. Ìlà náà gún régé. Alága fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà, ó ní, “Akọ̀wé, ẹ ò ṣojúsàájú rárá.” Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé bí ẹni gba ẹ̀bùn.

Ìwé orúkọ yẹn ni ẹgbẹ́ olùbẹ̀wò ń lò. Ẹni tí kò bá sí nínú ìwé, wọn ò mọ̀ pé ó ní ilé. Ọjọ́rú ni ọjọ́ ìbẹ̀wò. Gbogbo Ọjọ́rú, ẹ ó nu àga mẹ́ta, ẹ ó tò wọ́n síwájú ara yín, torí ẹ mọ̀ pé mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n máa ń rìn. Tí mo bá dé lọ́jọ́ kejì láti wá jẹun, àwọn àga náà á ṣì wà níbẹ̀.

“Àwọn olùbẹ̀wò ò tíì dọ́dọ̀ mi. Àbí ọ̀nà ilé mi ti dí ni?”

“Wọ́n ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Wọn ò kúkú gbọ́dọ̀ mú nǹkan wá. Kí wọ́n ṣáà wá jókòó.”

“Wọ́n ń bọ̀.”

Oṣù méje ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Mo ń jẹ oúnjẹ yín, mo ń jókòó sórí ọ̀kan nínú àga mẹ́ta náà, mo sì ń sọ fún yín pé wọ́n ń bọ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé mo ti pa orúkọ yín rẹ́? Mi ò mọ̀. Ẹ ò bi mí, èmi náà ò sì ní ìgboyà tí awakọ̀ yẹn ní. Òun tiẹ̀ ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn sọ òótọ́.

Bíríkìlà nìkan ló ń wá. Òun náà ló bá yín lórí àga yẹn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ránṣẹ́ pè mí, ó sì dúró tì yín títí mo fi dé.

Mo lọ bá Alága nílé. Ó bá mi kẹ́dùn dáadáa, ó di ọwọ́ mi mú. Lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé ìwé orúkọ wá, ó sì wọ awò ojú rẹ̀.

“Orúkọ wọn wà níbí. Ṣùgbọ́n ìlà wà lórí ẹ̀.”

“Mo mọ̀, sà.”

“Òkú ọmọ ìjọ là ń kéde, òun náà là ń gbé wọlé fún ìsìn. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

“Mo mọ̀, sà. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i.”

“Ohun tí akọ̀wé bá gbé wá ni mo ń fọwọ́ sí. Mi ò lè máa wo orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan.”

Mo pe Pásítọ̀ tó lọ sí ìpàdé. Ó sunkún, mo gbọ́ ọ. Ó wá ní, “Kí ni àwọn alàgbà sọ?” Àwọn alàgbà sọ ohun tó wà nínú ìwé. Ìwé sọ ohun tí mo kọ. Gbogbo ọ̀nà tí mo gbà láti lọ fẹjọ́ sùn, ẹnu ọ̀nà ilé mi ló ń já sí. Mo bá lọ tẹ ìwé ìkéde ọjọ́ Ìsinmi, mo sì fi ọ̀rọ̀ agbòjò sí i.

Èèyàn méjìdínlógún ló sin yín lọ́jọ́ Ajé, láti ilé lọ sí ibojì. Ìjọ tó ní irínwó èèyàn. Kò sí akọrin, kò sí ẹ̀wù ìwàásù. Bíríkìlà ló gbàdúrà. Ó ṣí fìlà rẹ̀. Ó ní, “Olúwa, ẹni tó pè mí wọlé nìyí.” Ó dé fìlà rẹ̀. Ó parí.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ń gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi orúkọ yín pe gbọ̀ngàn. Kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọ tí kò lè rìn dé ilé èèyàn nígbà tó wà láàyè, kí ni ó fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ ṣe lára ògiri? Mi ò fẹ́ òkúta ìrántí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe àkànṣe ìdúpẹ́ kó sì pè mí síwájú wá gba ìwé ẹ̀rí.

Ohun tí mò ń bèèrè lọ́wọ́ Alága àti gbogbo alàgbà nìyí, mo sì ń bèèrè rẹ̀ níbí tí gbogbo ìjọ ti lè kà á. Kí wọ́n pa òfin oṣù mẹ́ta rẹ́ ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí a tó gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Kí Bíríkìlà bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà nígbà tó ṣì ní agbára láti sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ibi tí wọ́n ti ṣàṣìṣe. Àwọn kan ti ní kí n fi ipò sílẹ̀. Mà á fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí a bá ṣe tán, torí bí mo bá lọ lónìí, ẹni tí yóò gba ìwé náà lọ́la yóò ní òun ò mọ ọwọ́ tó fa ìlà.

Mo ti kà wọ́n. Ìlà pupa mọ́kànlélógójì ló wà nínú ìwé orúkọ, gbogbo wọn ni mo fi rúlà fà. Méjì nínú wọn ti kú, mi ò sì mọ ìgbà tí wọ́n kú. Ìyá kan ń gbé lẹ́yìn ilé ìwé, ó fọ́jú. Èmi àti Bíríkìlà ti dé ọ̀dọ̀ mẹ́fà. Ẹni kẹrin ò jẹ́ ká wọlé, kò sì jẹ̀bi. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn tó fọwọ́ sí ojú ìwé wọ̀nyẹn dìde, kí wọ́n ka ìlà kọ̀ọ̀kan sókè, kí wọ́n sì dáhùn lójú gbogbo wa: ta ló lọ bẹ èèyàn yìí wò, ọjọ́ wo ló lọ, kí ló bá níbẹ̀? Bí kò bá sí ẹni tó lọ, kí wọ́n sọ ẹni tó yẹ kó lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ìlà kẹtàlá, Ìyá Aránṣọ. Ta ló lọ bẹ̀ wọ́n wò? Kò sí. Ta ló yẹ kó ránni lọ? Akọ̀wé, àbúrò wọn. Kí ló sọ fún wọn? Ó ní wọ́n ń bọ̀.

Alága, tèmi nìyẹn. Ó kan yín.